Airbrush tó ń tutọ́: bí mo ṣe tú u palẹ̀, bí mo ṣe fọ̀ ọ́, àti bí mo ṣe tún un tò

Iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì ni àwòṣe ike bàálù ogun Spitfire Mk I, ìwọ̀n 1/48. Airbrush ni ohun èlò tí a fi ń fín ọ̀dà pẹ̀lú afẹ́fẹ́, èyí tí mo ń lò sì jẹ́ oníṣẹ́ méjì: a ń tẹ tírígà mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, a ń fà á sẹ́yìn kí ọ̀dà tẹ̀ lé e. Ife rẹ̀ wà lókè, abẹ́rẹ́ àti nọ́súlù rẹ̀ (ẹnu tí ọ̀dà ń gbà jáde) sì jẹ́ 0.3 mm. Ọ̀dà acrylic olómi ni mo fi kun òkè bàálù náà. Ọ̀dà lákà ni mo fẹ́ fi kun abẹ́ rẹ̀.

Alẹ́ àkọ́kọ́

Ó ti lé ní aago mọ́kànlá alẹ́ nígbà tí mo fín ìlà tó kẹ́yìn nínú Dark Green, àwọ̀ ewé dúdú, sí apá òsì. Dark Earth, àwọ̀ ilẹ̀, ti gbẹ lábẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sán. Mi ò lo tépù fún ààlà àwọ̀ méjèèjì, ọwọ́ lásán ni mo fi fín in, nítorí náà mo ti tẹjú mọ́ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ fún wákàtí méjì gbáko. Ojú ń ro mí, ọrùn mi ti gan. Mo da ọ̀dà tó kù nínú ife nù, mo da tínà lákà (omi líle tí a fi ń po ọ̀dà lákà) sí i, mo fín in sínú ìgò ìfọ̀. Mo tún da òmíràn sí i, mo tún fín in. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohun tó ń jáde mọ́ bí omi òjò. Mo gbà pé ó ti tán. Mo gbé airbrush kọ́, mo paná, mo lọ sùn.

Tínà lákà ni mo yàn nítorí pé òun ló le jù nínú gbogbo èyí tí mo ní. Ohun tí mo rò ni pé èyí tó le jù ni yóò fọ ọ̀dà kúrò jù. Èrò yẹn ló kó mi sínú gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kejì, òwúrọ̀

Mo fi tépù bo òkè àti ẹ̀gbẹ́ bàálù, mo sì dojú rẹ̀ dé. Abẹ́ rẹ̀ ló kù, àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sky: ewé rírẹ̀ tó fẹ́ẹ̀ jọ èèpo ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Mo po ọ̀dà lákà náà mọ́ tínà rẹ̀, ìdajì sí ìdajì, mo yí géèjì agbára afẹ́fẹ́ sí 15 psi, ìyẹn bí 1 bar. Mo kọ́kọ́ dán an wò lórí bébà kí n tó súnmọ́ bàálù. Inú mi dùn pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Airbrush náà ò fín ọ̀dà mọ́, ńṣe ló ń tutọ́. Afẹ́fẹ́ lásán ni yóò kọ́kọ́ jáde fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀kán ọ̀dà kan yóò ta pọ́ sórí bébà, afẹ́fẹ́ yóò sì tún jáde. Ẹni tí kì í kan àwòṣe lè wò ó pé kí ni ẹ̀kán tí kò ju mílímítà kan lọ lè bàjẹ́. Ní ìwọ̀n 1/48, mílímítà kan lórí àwòṣe jẹ́ mílímítà 48 lórí bàálù gidi. Àbàwọ́n tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta nìyẹn lára apá Spitfire, kò sì sí ẹni tó máa wò ó tí ojú rẹ̀ ò ní lọ síbẹ̀.

Mo tẹ tírígà láìfà á sẹ́yìn, kí n lè rí ohun tí afẹ́fẹ́ nìkan ń ṣe. Ọ̀dà inú ife bẹ̀rẹ̀ sí í hó kùtùkùtù bí omi orí iná. Mo wá fa tírígà sẹ́yìn, mo fi í sílẹ̀. Kàkà kó ta padà síwájú lójú ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ padà, bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dógùn-ún.

Àmì mẹ́ta nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń tọ́ka sí ibi tó yàtọ̀. Kí ó lè yéni, a ní láti mọ ohun tó ń lọ nínú airbrush. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀dà àti ọ̀nà afẹ́fẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ pàdé níbikíbi àfi ní ṣóńṣó ẹnu nọ́súlù. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá láyìíká nọ́súlù ti ń fa ọ̀dà jáde, tó sì ń fọ́n ọn ká bí ìkùukùu. Abẹ́rẹ́ ni ilẹ̀kùn ọ̀nà ọ̀dà: bí a bá ṣe fà á sẹ́yìn tó ni àyè tó ṣí yóò tó. Lẹ́yìn ife, abẹ́rẹ́ gba inú síìlì kékeré kan kọjá, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà ṣàn dé ibi tí tírígà wà. Ìṣètò yìí ti pẹ́. Charles Burdick ti ṣe èyí tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀dà ti ń pàdé ní ẹnu báyìí, wọ́n sì gbé e hàn níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago ní ọdún 1893.

Tó bá ń tutọ́, ọ̀dà ti gbẹ mọ́ ẹnu nọ́súlù tàbí mọ́ ṣóńṣó abẹ́rẹ́. Tí ife bá ń hó, afẹ́fẹ́ ti rí ibòmíràn gbà wọ ọ̀nà ọ̀dà: ó lè jẹ́ pé ìdérí nọ́súlù ò le, tàbí nọ́súlù fúnra rẹ̀ ò jókòó dáadáa, tàbí ó ti là. Tí tírígà bá ń lọ́ra, ọ̀dà ti gba ara síìlì kọjá, ó ti wọ ẹ̀yìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ṣẹlẹ̀ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Fífọ̀ orí ìdúró ò lè tó. Mo da Sky padà sínú ìgò rẹ̀, mo sì gbà láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Títú u

Mo ṣí fèrèsé, mo tan fáànù tó ń fa èéfín síta, mo wọ ìbọ̀wọ́ nitrile, mo sì fi ìbòmú onígòǹgò bo imú, èyí tó ní èédú nínú asẹ́ rẹ̀. Mò ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìbòmú bébà tí a fi ń dènà eruku kò lè dá òórùn tínà dúró rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń wọ ìbòmú nígbà tí a bá ń kun nǹkan, tí a sì ń bọ́ ọ nígbà tí a bá ń fọ nǹkan, bẹ́ẹ̀ nígbà ìfọ̀ gan-an ni tínà pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́. Iná tó ń jó ò gbọdọ̀ sí nítòsí.

Mo tẹ́ aṣọ ìnura funfun sórí tábìlì, nítorí nọ́súlù 0.3 mm ò ju ṣóńṣó orí pẹ́ńsù lọ. Tó bá jábọ́ sórí tábìlì lásán, ó lè ta lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fa abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn yọ. Tí abẹ́rẹ́ bá mọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n tí ọ̀dà bá wà lára rẹ̀, a óò wọ́ ọ̀dà náà gba inú síìlì kọjá lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí a ò fẹ́ kó dé. Tí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ bá sì ti tẹ̀, bó ṣe ń padà sẹ́yìn ni yóò máa ha inú nọ́súlù. Nítorí náà, iwájú ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo yọ ìdérí abẹ́rẹ́, mo yọ ìdérí nọ́súlù, mo wá fi sípánà kékeré tó bá airbrush náà wá tú nọ́súlù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tú ọwọ́ ẹ̀yìn, mo dẹ nọ́ọ̀tì tó di abẹ́rẹ́ mú, mo sì rọra ti abẹ́rẹ́ jáde gba iwájú.

Ó wá jáde díẹ̀díẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe bọ́ sí ìta, mo gbé e sábẹ́ iná. Ṣóńṣó rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n lágbedeméjì, níbi tó ti máa ń gba inú síìlì kọjá, òrùka aláwọ̀ ewé kan yí i ká, fẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí okùn, ó sì ti gbẹ gbagidi. Dark Green àná ni. Ibi tí mo fi ojú rí ti mọ́, ibi tí ojú mi ò dé ni ọ̀dà sá pa mọ́ sí.

Mo ki búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan gba ìsàlẹ̀ ife. Ohun tí mo fà jáde kì í ṣe ọ̀dà gbígbẹ, kì í sì í ṣe ọ̀dà tútù. Ó ń fà bíi gọ́ọ̀mù, ó gùn tó èékánná mi, ó rọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Mo fi ìka méjì pa á, ó fẹ̀, ó tún sún padà.

Ibẹ̀ ni ohun tí mo ṣe ti yé mi. Ọ̀dà acrylic olómi jẹ́ èérún ike wínníwínní tó léfòó nínú omi. Nígbà tí omi bá gbẹ ni wọ́n máa ń wọnú ara wọn di awọ kan. Tí tínà lákà bá já lù wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì tutù, ńṣe ni wọ́n máa ń wú, tí wọ́n á sì dìmọ́ra. Tínà tí mo dà sí i lálẹ́ àná ló sọ ọ̀dà tí omi lásán ì bá gbé jáde di gọ́ọ̀mù. Ó tì í wọ gbogbo kọ̀rọ̀, tínà mímọ́ sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá, mo ń wò ó pé ó ti mọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yẹn nìyí: acrylic olómi tó ṣì tutù, omi tàbí tínà tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí. Ìgbà tí omi bá ti ń jáde láìní àwọ̀ ni tínà líle tó lè wọlé, láti mú awọ tó bá ti gbẹ rọ̀. Ọ̀dà Tamiya tó jẹ́ acrylic kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí ọtí wà nínú rẹ̀: ó máa ń bá X-20A, tínà tirẹ̀, lọ, ó sì máa ń bá tínà lákà lọ láìdì. Lákà ń fẹ́ tínà lákà. Ọ̀dà enamel ń fẹ́ tínà tirẹ̀. Ẹni tó bá ń ti orí irú ọ̀dà kan bọ́ sí òmíràn nínú iṣẹ́ kan náà, bí èmi, gbọ́dọ̀ fọ ti àkọ́kọ́ tán pẹ̀lú ohun tó bá a mu, kó fín afẹ́fẹ́ lásán títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ, kó tó da ti ìkejì sí i.

Fífọ̀

Mo tú tírígà, sípíríǹgì àti ìyókù ẹ̀yìn, mo tò wọ́n sórí aṣọ ìnura bí wọ́n ṣe jáde, láti òsì sí ọ̀tún. Mo fi fóònù ya àwòrán wọn. Fáàfù afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ni mi ò tú, mi ò sì jẹ́ kó wọ inú tínà, nítorí rọ́bà àti gíríìsì wà nínú rẹ̀. Síìlì abẹ́rẹ́ ti airbrush mi jẹ́ irú ike kan tí wọ́n ń pè ní PTFE, tínà ò lè ṣe é ní nǹkankan. Ṣùgbọ́n òrùka rọ́bà dúdú tó wà ní orí airbrush máa ń wú tó bá pẹ́ nínú tínà lákà. Mo yọ ọ́ sọ́tọ̀, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ara airbrush ò le. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọ-àwo díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì róbótó tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín, títí gọ́ọ̀mù fi jáde tán. Lẹ́yìn náà, òwú orí igi tí mo fi tínà pa fún inú ife.

Mi ò lo omi ìfọ-fèrèsé. Ọ̀pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ní ammonia, ara airbrush sì jẹ́ idẹ tí wọ́n fi króòmù bò. Tí ammonia bá pẹ́ lára idẹ, ó máa ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ń lò ó á fín in kọjá kíákíá, wọ́n á sì fi omi ṣan án. Èmi ò rí ìdí tí màá fi fi ohun tí mo fẹ́ràn wewu nígbà tí ohun mìíràn wà tó lè fọ̀ ọ́.

Nọ́súlù ló gba àkókò mi jù. Mo rì í sínú tínà lákà nínú ìgò gíláàsì kékeré kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gíláàsì ni, nítorí tínà lákà lè yọ́ ife ike mọ́ ọ nínú. Nígbà tí mo yọ ọ́, mo gbé e sójú iná, mo wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀ tó fẹ̀. Ó yẹ kí n rí ìmọ́lẹ̀ róbótó ní ìparí rẹ̀, bí òṣùpá tó pé. Ohun tí mo rí dà bí òṣùpá tí wọ́n bu jẹ lápá kan. Ọ̀dà ṣì wà ní ọrùn rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ tó bá ń kánjú ti máa ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Ènìyàn á rí wáyà tàbí abẹ́rẹ́ ìránṣọ nítòsí, á ní kí òun fi ti ọ̀dà náà jáde. Nọ́súlù tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an ní ẹnu, irin tó bá le jù ú lọ á fẹ̀ ẹ́ tàbí kó ha á nínú, ọ̀dà ò sì ní jáde tààrà mọ́ láé. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Igi ìtayín ni mo gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo rì í sínú tínà, mo kì í gba ẹ̀yìn nọ́súlù wọlé, mo sì ń yí i pẹ̀lú ìka méjì láìtì í rárá. Mo yọ ọ́, mo wo orí rẹ̀: àwọ̀ ewé. Mo nù ún, mo tún yí i: ewé díẹ̀. Mo tún rì nọ́súlù náà fún ogún ìṣẹ́jú, mo tún yí igi. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀karùn-ún, orí igi jáde ní àwọ̀ igi. Mo gbé nọ́súlù sójú iná, òṣùpá ti pé.

Mi ò jẹ́ kí òwú dé inú nọ́súlù. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo tó bá há síbẹ̀ tó láti mú kí ìlà tó yẹ kó tọ́ máa wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fún síìlì, mo fi tínà pa abẹ́rẹ́, mo kì í gba inú rẹ̀, mo fà á, mo nù ún, mo tún ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mo ṣe é kí tíṣù tó jáde láìní àwọ̀ kankan. Mo fi òwú nu inú ibi tí tírígà ń jókòó sí, mo bá ọ̀dà ewé níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí tí tírígà fi ń lọ́ra nìyẹn.

Ó ṣì ń hó

Mo tò ó pọ̀, mo da omi sínú ife, mo tẹ tírígà. Ọwọ́ mi ti ń yá láti padà sídìí Sky.

Omi inú ife hó kùtùkùtù.

Mo de ìdérí nọ́súlù sí i díẹ̀. Ó hó. Mo tú u, mo yẹ ojú ibi tí nọ́súlù ń jókòó sí wò, mo nù ún, mo dá nọ́súlù padà. Ó hó. Bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé iná tí mò ń wá báyìí kì í ṣe ọ̀dà mọ́.

Mo mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń fi sójú, mo gbé nọ́súlù sábẹ́ iná, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ní ìyípo kẹta ni mo rí i: ìlà kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu nọ́súlù tó sì sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì mílímítà. Ó ti là.

Mo mọ ìgbà tó là. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, bí mo ṣe ń dá abẹ́rẹ́ padà lẹ́yìn ìfọ̀, mo ní ìmọ̀lára pé kò tíì dé ibi tó yẹ, mo bá fi agbára díẹ̀ tì í. Ara abẹ́rẹ́ ń fẹ̀ láti ṣóńṣó lọ sẹ́yìn, bí èèkàn. Tí a bá ti èèkàn wọnú ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí, yóò là á. Títì kékeré yẹn ti tó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń hó díẹ̀díẹ̀, tí mo ń sọ pé bóyá ọ̀dà ló ki jù.

Nọ́súlù tó là kò ní àtúnṣe. Àwọn kan máa ń fi ìda oyin díẹ̀ pa ojú ibi tí nọ́súlù ń jókòó sí kí afẹ́fẹ́ má bàa yọ́ gba ibẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe nǹkankan fún ẹnu tó là. Mo ní òmíràn nípamọ́ tó jẹ́ ti irú airbrush yìí gan-an. Mo fi ìka de é wọlé títí ó fi dúró, mo wá fi sípánà fún un ní ìyípo bíńtín, kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo kan. Nọ́súlù tí a ń yí bí èyí kò fẹ́ agbára. Ọrùn rẹ̀ máa ń já sínú airbrush tí a bá dè é jù, wàhálà tó sì wà nídìí yíyọ èyí tó já sínú kọjá wàhálà gbogbo ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ yìí.

Omi nínú ife. Mo tẹ tírígà. Omi náà dúró jẹ́ẹ́.

Abẹ́rẹ́

Kí n tó dá a padà pátápátá, mo yẹ ṣóńṣó rẹ̀ wò. Mo fi í lélẹ̀ lórí èékánná àtàǹpàkò, mo sì rọra fà á sẹ́yìn, mo ń yí i bí mo ṣe ń fà á. Tó bá tọ́, yóò yọ̀ kọjá láìdún. Ní ìhà kan, ó ha èékánná mi, ó fi ìlà funfun bíńtín sílẹ̀. Ìkọ́ kékeré wà ní ṣóńṣó náà, gíláàsì ni ojú fi lè rí i.

Mo fi bébà oníyanrìn (sandpaper) onínọ́mbà 2000 lélẹ̀ lórí dígí tó tẹ́jú, mo fi ṣóńṣó náà lé e ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ́ tó bá ìrísí rẹ̀ mu, mo ń fà á sẹ́yìn, mo ń yí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá péré. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí èékánná, mo tún ṣe bíi márùn-ún, mo wá fi bébà 4000 dán an. Sẹ́yìn nìkan ni a ń fà á. Tí a bá tì í síwájú, ṣóńṣó yóò wọ bébà, yóò sì tẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀dà kì í rọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ tó bá dán bó ṣe ń rọ̀ mọ́ èyí tó ha, nítorí náà àkókò tí mo lò níbẹ̀ ò dùn mí.

Títò ó

Síìlì abẹ́rẹ́ ní síkúrù tó ń fún un pọ̀. Tí a bá dè é jù, tírígà á lọ́ra. Tó bá dẹ̀ jù, ọ̀dà á gba ibẹ̀ kọjá. Mo ki abẹ́rẹ́ wọlé, mo ń de síkúrù náà díẹ̀díẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n lára pé síìlì ti di abẹ́rẹ́ mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka méjì mú bébà láìtẹ̀ ẹ́. Mo dúró níbẹ̀.

Ọ́ìlì airbrush bíńtín lọ sí ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ àti sí ẹsẹ̀ tírígà. Kò gbọdọ̀ dé iwájú ife, mi ò sì jẹ́ fi ọ́ìlì tó ní sílíkónì sí i, nítorí tó bá kan ọ̀dà, ọ̀dà náà á máa sá fún un lójú àwòṣe, á fi àwọn ihò róbótó sílẹ̀ bí ojú ẹja.

Mo dá tírígà, sípíríǹgì àti nọ́ọ̀tì padà. Ìdérí méjèèjì wà níwájú. Abẹ́rẹ́ ló wọlé kẹ́yìn, mo tì í títí mo fi mọ̀ pé ó ti kan nọ́súlù, mo sì dá ọwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Mo de nọ́ọ̀tì. Mo fa tírígà, mo fi sílẹ̀, ó ta padà pẹ̀lú ìró kékeré tí mi ò gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọjọ́ kẹta: Sky

Ìdajì ọ̀dà, ìdajì tínà, 15 psi. Lórí bébà, mo kọ́kọ́ to ẹ̀kán sórí ìlà, ogún lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n bá ara wọn dọ́gba. Mo fa ìlà tí kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ láti etí bébà kan dé èkejì, kò já, kò sì ta. Mo gbé bàálù.

Sky wọ abẹ́ apá ní ìpele mẹ́ta, ó fẹ́lẹ́, gbogbo ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára ike ṣì hàn gedegbe lábẹ́ rẹ̀. Láàárín ìpele kan sí èkejì, mo fi òwú tí mo fi tínà pa nu ṣóńṣó abẹ́rẹ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá rí i pé ọ̀dà fẹ́ gbẹ mọ́ ọn.

Nígbà tí mo parí, mi ò gbé airbrush kọ́. Mo da ọ̀dà tó kù nù, mo fi tíṣù nu inú ife, mo da tínà lákà sí i nítorí pé lákà ni mo lò lónìí, mo fín in. Mo fi òwú bo ẹnu rẹ̀, mo sì tẹ tírígà fẹ́ẹ́rẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè padà sínú ife, kó hó, kó ru ohun tó bá sá pa mọ́ sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì, kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, nítorí tí ó bá le jù ó lè ti ọ̀dà gba síìlì kọjá. Mo dà á nù, mo da òmíràn sí i, mo fín in títí ó fi mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ṣe ohun tí mi ò ṣe lálẹ́ àkọ́kọ́. Mo tú ìdérí àti nọ́súlù, mo dẹ nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn, mo ti abẹ́rẹ́ jáde gba iwájú. Àwọ̀ Sky fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lágbedeméjì, níbi síìlì, ó ṣì tutù. Mo fi tíṣù tí tínà wà lára rẹ̀ nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Mo nu ẹ̀yìn nọ́súlù, mo fi òwú nu inú ibi tí abẹ́rẹ́ ti jáde, mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo ṣí tépù kúrò lára bàálù ní alẹ́ yẹn. Ààlà Sky àti Dark Earth lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, láti abẹ́ imú títí dé ìrù, kò sí ẹ̀kán kankan níbẹ̀.